Sùkúù àwọn Ànákíìsì àti ọmọ tí ìwé kíkà ń dà láàmú

Ànákíìsì ni wọ́n ń pe àwọn tó gbà pé kò yẹ kí ìjọba tàbí ọ̀gá kankan máa jẹ gàba lé èèyàn lórí, pé aráàlú lè ṣètò ara wọn fúnra wọn. Bọ́ǹbù lọ̀pọ̀ èèyàn fi mọ̀ wọ́n, àmọ́ wọ́n dá sùkúù sílẹ̀ náà. Èyí tó lókìkí jù ni Escuela Moderna tí Francisco Ferrer ṣí ní Barcelona lórílẹ̀-èdè Spain ní September 1901, owó ogún tí obìnrin kan tó kọ́ ní èdè Spanish ní Paris fi sílẹ̀ fún un ló fi bẹ̀rẹ̀. Ọmọ 30 ni wọ́n, ọkùnrin 18, obìnrin 12, ọmọ olówó àti ọmọ mẹ̀kúnnù jọ jókòó pọ̀, kálukú ń san iye tágbára òbí ẹ̀ ká.

Kò sí ìdánwò níbẹ̀, kò sí pòsíṣọ̀n, kò sẹ́ni tó ń gba ẹ̀bùn, wọn kì í sì í fìyà jẹ ọmọ. Ferrer ní fáàrí òbí ni ìdánwò wà fún. Ẹni tó bá ti wà ní kíláàsì tí wọ́n ń pe pòsíṣọ̀n sókè á mọ̀ pé nǹkan ńlá lèyí, torí ibẹ̀ lorúkọ olódo ti ń lẹ̀ mọ́ ọmọ tí lẹ́tà ń dàrú mọ́ lójú. Àárín ìgbà yẹn náà làwọn dókítà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fura sí ohun tá à ń pè ní dyslexia lónìí, ìyẹn ìṣòro ìwé kíkà tó lè bá ọmọ tí orí ẹ̀ pé: ní 1896, Pringle Morgan ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọ̀wé nípa ọmọ ọdún 14 kan, Percy, orí ẹ̀ pé, ó mọ ìṣirò, síbẹ̀ tó bá fẹ́ kọ orúkọ ara ẹ̀ “Precy” ló ń kọ. Tíṣà ẹ̀ ní ká ní ẹnu nìkan ni wọ́n fi ń kọ́ni ni, òun ni ì bá já fáfá jù ní sùkúù.

Ìjọba ti sùkúù Ferrer pa ní 1906, lẹ́yìn tí Mateu Morral tó ń bá a ṣiṣẹ́ ju bọ́ǹbù síbi ìgbéyàwó ọba Spain. Wọ́n yìnbọn pa Ferrer fúnra ẹ̀ ní October 13, 1909, lórí ẹ̀sùn rògbòdìyàn tó ṣẹlẹ̀ ní Barcelona lọ́dún yẹn.

Àwọn tó ń tẹ̀ lé e ní Amẹ́ríkà ṣí tiwọn ní New York ní 1911, wọ́n kó o lọ sí Stelton ní New Jersey ní 1915. Àwọn ọmọ ibẹ̀ ló ń tẹ ìwé ìròyìn tiwọn, wọ́n á máa ṣa lẹ́tà onírin ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n á tò ó ní òdìkejì kó lè tẹ̀ dáadáa lórí pépà. Kò sẹ́ni tó ń fipá kọ́ ọmọ ní ìwé kíkà, àwọn kan dàgbà díẹ̀ kí wọ́n tó mọ̀ ọ́n kà, ojú ò sì tì wọ́n. Ṣùgbọ́n apá kejì wà níbẹ̀ o: níbi tí wọn ò ti ń dán ọmọ wò, ta ló máa tètè rí i pé ti ẹni yìí kì í ṣe pé kò tíì wù ú, ìrànlọ́wọ́ ló nílò? Àwọn òbí kan bínú gan-an lórí ọ̀rọ̀ ìwé kíkà yìí, wàhálà ẹ̀ wà lára ohun tó mú káwọn Ferms, tọkọtaya tó ń darí ibẹ̀, kúrò ní 1925. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì àwọn sójà wá kọ́ bárékè sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, àwọn ìdílé ń kó lọ díẹ̀díẹ̀, nígbà tó fi máa di 1953 sùkúù náà ti kógbá sílé.