Oúnjẹ àwọn eléré ìdárayá ní Ìlọrin àti gúúsù Kwárà

Oúnjẹ eléré ìdárayá ni ohun tí ẹni tó ń sáré, tó ń gbá bọ́ọ̀lù, tó ń ja ìjàkadì tàbí tó ń gbé irin ń jẹ àti èyí tó ń mu, pẹ̀lú àkókò àti ìwọ̀n rẹ̀, kí ara rẹ̀ lè gba ìgbaradì, kó lágbára lọ́jọ́ ìdíje, kó sì tètè bọ̀ sípò lẹ́yìn rẹ̀. Ní Ìlọrin àti gúúsù Kwárà, inú ìkòkò ilé ni ọ̀pọ̀ ohun tí eléré nílò wà: iyán, àmàlà, tùwó, ẹ̀wà, wàrà, ẹ̀pà, ẹyin. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti sábà máa ń wọ́ ni ìgbà tí wọ́n ń jẹ ẹ́ àti bó ṣe pọ̀ tó.

Eré ìdárayá kì í ṣe àlejò ní agbègbè yìí. "Ìjàkadì lorò Ọ̀fà" ni wọ́n fi ń ki àwọn ará Ọ̀fà. Ìrá ni ìlú ìdílé Rashidi Yekini, ẹni tó gbá góòlù àkọ́kọ́ wọlé fún Nàìjíríà nínú ìdíje ife ẹ̀yẹ àgbáyé ní 1994. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi pe pápá ńlá inú ọgbà eré ìdárayá ìpínlẹ̀ náà ní Ìlọrin, níbi tí Kwara United ti ń gbá bọ́ọ̀lù.

Oúnjẹ afáralókun

Iṣu, àgbàdo, ìrẹsì, ẹ̀gẹ́ àti ànàmọ́ ni oúnjẹ afáralókun, wọ́n ń di ṣúgà nínú ara. Èyí tí ara kò bá lò lójú ẹsẹ̀, ó ń kó o pamọ́ sínú iṣan àti ẹ̀dọ̀, wọ́n sì ń pe ìpamọ́ náà ní gláíkójìn. Nǹkan bíi 400 gíráàmù ló máa ń wà nínú iṣan àgbàlagbà, tí nǹkan bíi 100 sì máa ń wà nínú ẹ̀dọ̀. Bí eré bá le, tí kò sì dáwọ́ dúró, ìpamọ́ yìí lè tán láàárín wákàtí kan ààbọ̀ sí méjì. Òun ló fà á tí ẹsẹ̀ agbábọ́ọ̀lù mìíràn fi ń wúwo nígbà tí eré bá ń lọ sópin. Ní àwọn ọdún 1960, àwọn onímọ̀ ní Sweden fi abẹ́rẹ́ yọ ẹran díẹ̀ nínú iṣan itan àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́, wọ́n sì rí i pé bí gláíkójìn bá ṣe pọ̀ tó níbẹ̀ ni ẹni náà ṣe ń pẹ́ tó kó tó rẹ̀ ẹ́.

Ìwọ̀n tí àwọn onímọ̀ fọwọ́ sí ni gíráàmù afáralókun 3 sí 5 fún kílò ara kọ̀ọ̀kan lójúmọ́ tí ìgbaradì bá fẹ́rẹ̀, 5 sí 7 tó bá tó wákàtí kan, àti 6 sí 10 tó bá tó wákàtí kan sí mẹ́ta. Agbábọ́ọ̀lù tó wúwo tó kílò 65, tó ń gba gíráàmù 6, yóò nílò 390. Gíráàmù afáralókun 27 ló wà nínú 100 gíráàmù iṣu sísè. Tó bá jẹ́ iṣu nìkan ló fẹ́ fi dé ibẹ̀, yóò jẹ tó kílò kan àti ààbọ̀ lójúmọ́, ikùn wo ló sì fẹ́ gba ìyẹn? Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń pín in: ògì àti búrẹ́dì láàárọ̀, ìrẹsì lọ́sàn-án, ànàmọ́ sísè bí ìpanu ìrọ̀lẹ́, àmàlà lálẹ́. Ànàmọ́ jẹ́ ohun ọ̀gbìn tí wọ́n mọ Ọ̀fà mọ́, ó rọrùn láti gbé lọ sí pápá, kò sì nílò ọbẹ̀.

Iyán, tí àwọn Ìgbómìnà àti Èkìtì Kwárà kì í fọwọ́ rẹ̀ ṣeré, kò ní àléébù kankan fún eléré. Ó kàn ń pẹ́ nínú ikùn, pàápàá tó bá bá ọbẹ̀ elépo rìn. Alẹ́ tó ṣáájú ìdíje tàbí lẹ́yìn ìdíje ló dára jù fún un.

Amúaradàgbà

Ìgbaradì ń ya iṣan díẹ̀díẹ̀, amúaradàgbà ni ara sì fi ń tún un mọ. Eléré nílò gíráàmù 1.2 sí 2.0 fún kílò ara kọ̀ọ̀kan lójúmọ́, èyí tó jẹ́ 78 sí 130 fún ẹni kílò 65. Ó dára kó pín in, kí oúnjẹ kọ̀ọ̀kan ní nǹkan bíi 20. Gíráàmù 6 ló wà nínú ẹyin kan. Nǹkan bíi 8 ló wà nínú 100 gíráàmù ẹ̀wà sísè.

Ọ̀pọ̀ ló gbà pé láìsí ẹran, agbára kò sí. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ohun tó dín nínú amúaradàgbà àgbàdo wà nínú ẹ̀wà, ohun tó dín nínú ti ẹ̀wà sì wà nínú àgbàdo, nítorí náà abọ́ àdàlú kan, tàbí tùwó pẹ̀lú gbẹ̀gìrì, ń ṣiṣẹ́ gidi fún iṣan.

Wàrà tí àwọn obìnrin Fúlàní ń ṣe tó sì gbajúmọ̀ ní Ìlọrin wà lára amúaradàgbà tó dára jù ní agbègbè náà. Wọ́n ń gbé wàrà màlúù kaná, wọ́n á da omi ewé bọmubọmu sí i kó lè dì, wọ́n á wá sẹ́ omi rẹ̀. Amúaradàgbà rẹ̀ ń dà díẹ̀díẹ̀, èyí tó mú kó yẹ fún alẹ́ kí eléré tó sùn. Tí wọ́n bá din ín, òróró rẹ̀ ń pọ̀ sí i, kò sì yẹ kó súnmọ́ ìdíje.

Ọjọ́ ìdíje

Oúnjẹ gidi máa ń wáyé ní wákàtí mẹ́ta sí mẹ́rin ṣáájú eré. Bí eré bá jẹ́ aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, aago méjìlá sí aago kan ọ̀sán ni: ìrẹsì pẹ̀lú ọbẹ̀ díẹ̀ àti ẹja, fún àpẹẹrẹ. Ẹ̀wà, ẹ̀fọ́ púpọ̀ àti ohun tí wọ́n fi òróró dín lè dúró dìgbà mìíràn, torí wọ́n ń pẹ́ nínú ikùn tàbí kí wọ́n mú un wú. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tàbí búrẹ́dì lè tẹ̀lé e nígbà tó bá ku wákàtí kan. Ohun tí eléré kò tíì jẹ rí kì í ṣe ohun tó yẹ kó fi ọjọ́ ìdíje dán wò.

Eré tí kò tó ìṣẹ́jú 45 kò nílò oúnjẹ láàárín rẹ̀. Fún èyí tó gùn ju wákàtí kan lọ, gíráàmù afáralókun 30 sí 60 ní wákàtí kan tó. Ọsàn tí wọ́n máa ń pín ní ìsinmi àárín eré ní omi àti ṣúgà, ó sì ṣiṣẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn kan ti ń fojú àtijọ́ wò ó.

Omi

Láti oṣù kejì sí ìkẹrin, oòrùn Ìlọrin le. Bí òógùn bá mú ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n ara lọ, agbára eléré á bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù. Fún ẹni kílò 65, ìyẹn jẹ́ kílò 1.3. Kó gun òṣùwọ̀n ṣáájú ìgbaradì àti lẹ́yìn rẹ̀ ni ọ̀nà tó rọrùn jù láti mọ̀ ọ́n. Kílò kan tó bá lọ ń fẹ́ omi lítà 1.25 sí 1.5, ìyẹn nǹkan bíi píọ́ wọ́tà oní-50 sẹ́ńtílítà mẹ́ta, díẹ̀díẹ̀, pẹ̀lú oúnjẹ tó níyọ̀. Àmujù omi lásán fún ọ̀pọ̀ wákàtí léwu, torí ó ń sọ iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ di fẹ́lẹ́. Kúnnú àti zóbò lè rọ́pò omi, tí ìmọ́tótó wọn bá dájú.

Ààwẹ̀

Nínú oṣù Ràmàdáànù, ẹni tó ń gbààwẹ̀ ní Ìlọrin ń lo nǹkan bíi wákàtí 13 sí 14 láìjẹ láìmu. Òùngbẹ ló máa ń ṣe eléré ju ebi lọ. Àkókò méjì ló dára fún ìgbaradì tó le: wákàtí tó ṣáájú ìṣínu, kí omi àti oúnjẹ lè tẹ̀lé e kíákíá, tàbí lẹ́yìn ìrun àṣámù, nígbà tí oúnjẹ bá ti lọ sílẹ̀. Ọ̀sán gangan kò yẹ.

Dàbínù àti omi tí wọ́n fi ń ṣínu bá ìmọ̀ oúnjẹ mu, torí ṣúgà dàbínù ń tètè wọ ẹ̀jẹ̀. Ògì àti àkàrà lè tẹ̀lé e, kí oúnjẹ gidi wá lẹ́yìn ìrun. Ní sààrì, ohun tó ń pẹ́ nínú ikùn, tí wọ́n ń sá fún lọ́jọ́ ìdíje, ni ó wúlò: tùwó, ẹ̀wà, ẹyin. Omi tí wọ́n mu díẹ̀díẹ̀ láti ìṣínu títí di sààrì ń dúró lára ju èyí tí wọ́n kó mu nígbà tí àsùbá bá kù díẹ̀ lọ.

Àwọn obìnrin eléré

Nǹkan oṣù ń mú èròjà irin lọ, àìtó rẹ̀ sì ń fa àárẹ̀. Ẹ̀dọ̀, ẹran àti ẹ̀wà ní in. Ọsàn ń jẹ́ kí ara gba ti ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ dáadáa, tíì tí wọ́n mu mọ́ oúnjẹ sì ń dín in kù. Obìnrin tí oúnjẹ rẹ̀ kò bá tó iṣẹ́ tó ń ṣe lè má rí nǹkan oṣù rẹ̀ mọ́, kí egungun rẹ̀ sì di aláìlágbára. Ìgbìmọ̀ Olimpíìkì àgbáyé kọ̀wé lórí ìṣòro yìí ní 2014, wọ́n sì fi kún un pé ó ń ṣe ọkùnrin náà.

Àgbo àti oògùn agbára

Àjọ tó ń gbógun ti lílo oògùn tí wọ́n kà léèwọ̀ nínú eré ìdárayá lágbàáyé, WADA, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1999, gbà pé eléré ló ni ẹ̀bi ohunkóhun tí wọ́n bá rí nínú ara rẹ̀, bí kò tilẹ̀ mọ̀ọ́mọ̀ lò ó. Àgbo tí wọn kò kọ èròjà inú rẹ̀ sára ìgò léwu nítorí èyí, nọ́ńbà NAFDAC kò sì túmọ̀ sí pé WADA fọwọ́ sí i. Káféènì inú obì kò sí lára ohun tí wọ́n kà léèwọ̀ láti 2004.