Ògiri tí wọ́n rẹ́ dáadáa

Ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀ ni àwọn dókítà Amẹ́ríkà ní kí aboyún tí ara rẹ̀ le máa fi ṣeré ìdárayá, ìrìn kíákíá tàbí ìlúwẹ̀ẹ́. Ó nídìí. Èròjà tí ibi ọmọ ń tú sára kì í jẹ́ kí insulin ìyá, èròjà tó ń kó ṣúgà kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, ṣiṣẹ́ tó bó ṣe yẹ, ṣùgbọ́n iṣan tó bá ń ṣiṣẹ́ á máa gba ṣúgà látinú ẹ̀jẹ̀ láìdúró dè é. Ìtọ̀ ṣúgà inú oyún á dín kù, ẹ̀jẹ̀ ríru náà.

Wàhálà wà níbi tí àwọn kan ti sọ ìmọ̀ràn yìí di ẹ̀sùn. Lọ́dún 2022, nínú 100 ọmọ tí aláwọ̀ dúdú bí ní Amẹ́ríkà, bíi 15 ni oṣù wọn kò pé. Ti aláwọ̀ funfun kò tó 10. Kíá, wọ́n ti ní ọ̀lẹ ló fà á. Ọ̀lẹ kẹ̀? Obìnrin mẹ́rin ló sáré àfiléwọ́ 4x100 gba góòlù fún Amẹ́ríkà ní ìdíje Òlíńpíìkì ní Rio lọ́dún 2016, aláwọ̀ dúdú ni gbogbo wọn. Mẹ́ta nínú wọn nìyí: ẹ̀jẹ̀ ríru mú kí wọ́n fi iṣẹ́ abẹ gbẹ̀bí Allyson Felix ní ọ̀sẹ̀ 32. Tianna Bartoletta bímọ ní ọ̀sẹ̀ 26. Tori Bowie kú ní 2023 pẹ̀lú oyún bí oṣù mẹ́jọ.

Ògiri amọ̀ lara. Eré ìdárayá ni rírẹ́ ẹ. Ẹ fi ìgbẹ́ màlúù pá a, ẹ fi omi ewé rẹ́ ẹ títí yóò fi máa dán bí awo. Bí òrùlé bá ti jò, ìdí ògiri ni omi ti ń jẹ ẹ́, ẹni tó rẹ́ ẹ kò sì ní mọ̀. Òjò yẹn ni Arline Geronimus, onímọ̀ nípa ìlera ará ìlú ní Amẹ́ríkà, ń sọ ní 1992: ìnira ọjọ́ pípẹ́, ẹlẹ́yàmẹ̀yà nínú rẹ̀, ń gbó ara obìnrin ṣáájú ọjọ́ orí rẹ̀. Ọwọ́ aboyún kọ́ ni òrùlé wà.

Àwọn mìíràn ní ẹ̀jẹ̀ ìran ló fà á. Ìwádìí kan ní Illinois dá wọn lóhùn ní 1997: ọmọ tuntun tí obìnrin aláwọ̀ dúdú tí wọ́n bí sí Amẹ́ríkà bí wọn gíráàmù 3,089 ní ìpíndọ́gba, ti òyìnbó 3,446, ti obìnrin tí wọ́n bí sí Áfíríkà 3,333. Nígbà tí wọ́n wá wo àwọn ọmọbìnrin tí irú àwọn àjèjì aláwọ̀ dúdú bẹ́ẹ̀ bí sí Amẹ́ríkà, tí àwọn náà ti ń bímọ, ìwọ̀n ọmọ ti ń wálẹ̀.