Ìdúnàádúrà lórí ẹgbẹ́ kòkó àgbáyé àti kòkó ìwọ̀-oòrùn Kogí

Ìdúnàádúrà lórí ẹgbẹ́ kòkó àgbáyé ni ìjíròrò tí àwọn ìjọba tó ń ta kòkó àti àwọn tó ń rà á máa ń ṣe lórí ẹni tí yóò wọ àdéhùn kòkó àti agbára tí yóò ní níbẹ̀. Ó kan ilẹ̀ àwọn Yorùbá tí à ń pè ní Òkun ní ìwọ̀-oòrùn Ìpínlẹ̀ Kogí, níbi tí àwọn àgbẹ̀ ti ń gbin kòkó ní Ìjùmú, Kàbà àti Yàgbà. Orílẹ̀-èdè ló ń jókòó níbẹ̀, kì í ṣe ìpínlẹ̀. Kòkó Ìyàmoyè ní Ìjùmú àti ti Oǹdó, orúkọ Nàìjíríà ni gbogbo wọn ń jẹ́ bí wọ́n bá ti dé èbúté.

Ní 1962, ní Abidjan, Nàìjíríà, Gánà, Bràsíl, Kamẹrúùnù àti Côte d'Ivoire dá ẹgbẹ́ àwọn olùpèsè kòkó (COPAL) sílẹ̀, wọ́n sì fi olú-iléeṣẹ́ rẹ̀ sí Èkó. Ní 1964 wọ́n pinnu láti má ta kòkó títí owó yóò fi gòkè. Kòkó ò ṣe é tọ́jú pẹ́ nílẹ̀ olóoru, àwọn olùrà sì ti ní tiwọn nípamọ́. Kí 1965 tó dé ìdajì, ìpinnu náà ti túká. Abẹ́ Ẹkùn Àríwá Nàìjíríà ni Kàbà wà nígbà náà, ṣùgbọ́n ìjọba àpapọ̀ ló ń sọ̀rọ̀ fún gbogbo àgbẹ̀.

Ìpàdé Geneva ti 1963 lórí àdéhùn kòkó forí ṣánpọ́n lórí iye owó. Ti 1972 ló yọrí sí àdéhùn, ICCO, àjọ kòkó àgbáyé tó ń bójú tó àdéhùn náà, sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1973. Àwọn tó ń tà pín 1,000 ìbò, àwọn tó ń rà pín 1,000. Bíbuwọ́lùwé nìkan kò sọ ìlú kan di ọmọ ẹgbẹ́: ìjọba rẹ̀ gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i nílé, àdéhùn kò sì ní múlẹ̀ àfi bí iye àwọn tó wọlé bá pọ̀ tó.

Ibi tó le jù nìyẹn. Nínú àdéhùn 1980, Côte d'Ivoire, tó ń pèsè kòkó jù lọ, kò wọlé nítorí pé owó ìsàlẹ̀, iye tí àdéhùn kò fẹ́ kí ọjà já kọjá, kéré lójú rẹ̀. Amẹ́ríkà kò wọlé nítorí pé ó pọ̀ lójú tirẹ̀. Àká àgbáyé, tí àdéhùn dá sílẹ̀ láti máa ra kòkó pamọ́ kí owó má bàa já, tí òfin sì gbà láyè láti ra tó 250,000 tọ́ọ̀nù, ra kòkó títí owó ọwọ́ rẹ̀ fi tán, síbẹ̀ ọjà ń já. Àdéhùn tí irú àwọn méjì yìí wà níta rẹ̀ kò lè gbé ẹrù tí wọ́n dì lé e. Nígbà tó di 1993, wọ́n pa àká náà tì.

Nàìjíríà ti tú àjọ tó ń ra kòkó lọ́wọ́ àgbẹ̀ ká ní 1986. Láti ìgbà náà, olùrà aládàáni ló ń gbé òṣùwọ̀n wá sí oko, ó sì ń wo ọjà Lọ́ńdọ̀nù àti New York kó tó dá iye lé àpò.

ICCO kó lọ sí Abidjan ní 2017. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, Côte d'Ivoire àti Gánà, tí wọ́n ń pèsè ju ìdajì kòkó ayé lọ, bẹ̀rẹ̀ àjọṣe tiwọn. Wọ́n fi 400 dọ́là Amẹ́ríkà lé orí tọ́ọ̀nù kọ̀ọ̀kan láti sáà 2020/21, kí àgbẹ̀ lè rí owó gbé ilé rẹ̀ ró. Àwọn méjèèjì nìkan ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, nítorí náà owó àlékún yẹn kò sí lórí àpò kòkó tó jáde láti Ìjùmú ní sáà náà.