Títẹ Ọwọ́ Kì í Ṣe Ìwòsàn Ojú

Ní Àjàṣẹ́ níbí, bí ọdún Iléyá bá ku ọ̀sẹ̀ méjì, àwọn aránṣọ kì í tètè sùn. Ẹni tó bá yà sí ìsọ̀ wọn lóru yóò rí i pé, láìpẹ́, ọ̀kan nínú wọn a gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ, a fi àtàǹpàkò ọwọ́ ọ̀tún tẹ ẹran tó wà láàárín àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá ọwọ́ òsì, a dijú, a mí kanlẹ̀, a sì ní orí òun ti fúyẹ́. Èmi náà ti ṣe é rí, ó sì tù mí lára. Gbólóhùn tó máa ń tẹ̀lé e ni mo ní í bá wí: pé iṣan kan ti ibẹ̀ wọ inú ẹyinjú tààrà, àti pé ẹni tó bá ń tẹ̀ ẹ́ lójoojúmọ́ kò ní lo awò ojú títí ayé.

Kò sí irú iṣan bẹ́ẹ̀. Iṣan ìmọ̀lára ọwọ́ gba apá dé ọrùn, ó sì wọ inú ògóóró ẹ̀yìn kó tó dé ọpọlọ. Inú ọpọlọ gan-an ni ti ojú ti jáde wá. Ojú ibi tí wọ́n ń tẹ̀ náà ni àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ Ṣáínà ń pè ní Hegu, tí wọ́n ti ń lò tipẹ́ fún ẹ̀fọ́rí àti eyín ríro. Àwòrán àtẹ́lẹwọ́ tí àwọn ènìyàn ń fi ránṣẹ́ síra wọn lórí fóònù, èyí tó yan ibì kan fún ojú, ibì kan fún ẹ̀dọ̀, kò tilẹ̀ ti ibẹ̀ wá. Amẹ́ríkà ni gbòǹgbò rẹ̀ wà: dókítà William Fitzgerald ló pín ara sí ọ̀nà 10 nínú ìwé tí òun àti Edwin Bowers gbé jáde ní 1917, Eunice Ingham sì wá ya ti àtẹ́lẹsẹ̀ ní àwọn ọdún 1930.

Kí ló wá dé tí orí fi ń fúyẹ́? Ẹ̀fọ́rí aránṣọ, tó máa ń dà bí ìgbà tí gèlè fún mọ́ni lórí jù, sábà máa ń bá ọrùn àti èjìká tó ti le nítorí ìtẹríba rìn. Ìrora díẹ̀ tí a dá sílẹ̀ lọ́wọ́ lè mú kí ọpọlọ dín ti orí kù fúngbà díẹ̀. Àwọn ìwádìí kan sọ pé títẹ ibẹ̀ ń ran àwọn kan lọ́wọ́, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú wọn kò lo ènìyàn tó pọ̀. Ẹ tún wo ohun tí aránṣọ yẹn ṣe: ó fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó gbé orí sókè, ó dijú. Ẹni tó bá tẹjú mọ́ nǹkan kì í ṣẹ́jú tó bó ṣe yẹ, ojú rẹ̀ a gbẹ, iṣan kékeré inú ẹyinjú tó ń jẹ́ ká rí ohun tó sún mọ́ wa a sì máa ṣiṣẹ́ láìsinmi. Lójú tèmi, ìṣẹ́jú méjì tó fi dijú yẹn ló ṣe èyí tó pọ̀ jù. Bí ó bá ń wo ohun tó jìnnà tó mítà 6 fún ìṣẹ́jú-àáyá 20, lẹ́yìn ìṣẹ́jú 20 kọ̀ọ̀kan, ojú rẹ̀ yóò sinmi láìtẹ ọwọ́ rárá.

Bí ènìyàn bá ti lé ní ọmọ ọdún 40, lẹ́ńsì inú ẹyinjú a máa le sí i, ìdí nìyẹn tí àgbà fi ń na abẹ́rẹ́ jìnnà sójú kó tó lè ti òwú bọ̀ ọ́. Títẹ ọwọ́ kò lè sọ ọ́ di rírọ̀. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi kan ní Kétu tẹ ọwọ́ fún ọdún mẹ́ta. Ọ̀sẹ̀ tó ra awò ojú ni ẹ̀fọ́rí ìrọ̀lẹ́ rẹ̀ lọ. Ti òun tilẹ̀ rọrùn. Glaucoma, àrùn tó ń ba iṣan ojú jẹ́, ni ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí, nítorí pé kì í sábà dunni, ẹ̀gbẹ́ ni ó ti ń jẹ ìríran wọlé, èyí tó bá sì ti jẹ kì í padà. Ẹni tó ń fi ọwọ́ títẹ̀ tan ara rẹ̀ kò ní lọ yẹ ojú wò lásìkò.

Ẹ̀fọ́rí tó bá dé lójijì tó sì le gan-an, tàbí tó bá ibà àti ọrùn líle wá, tàbí tí apá kan ara rọ, tí ọ̀rọ̀ ń lọ́ lẹ́nu, ilé ìwòsàn ni ó kàn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Aboyún tí orí ń fọ́, tí ojú rẹ̀ ń ṣe bàìbàì, gbọ́dọ̀ lọ wọn ẹ̀jẹ̀ ríru lọ́jọ́ náà gan-an. Àwọn tó ń fi Hegu ṣe ìtọ́jú pàápàá kì í gbà kí aboyún tẹ ibẹ̀.