Owó tí kò ní oníbodè: bí Bitcoin ṣe ń ṣiṣẹ́, àti ibi tí ọwọ́ ìjọba ti ń tó o

Owó tí a bá fi fóònù ránṣẹ́ láti Ìbàdàn sí Èkó kì í rìn fúnra rẹ̀. Báǹkì tó wà níhìn-ín á yọ iye kan kúrò nínú àkáǹtì ẹni tó fi ránṣẹ́, báǹkì tọ̀hún á kọ iye kan náà sí àkáǹtì ẹni tó gbà á, ilé-iṣẹ́ NIBSS á wà láàárín wọn, Báǹkì Àpapọ̀ á sì wà lórí gbogbo wọn. Èyíkéyìí nínú wọn lè ní kí owó náà má kọjá. Bí oníbodè ayé àtijọ́ ṣe ń jókòó sẹ́nu ibodè ìlú, tó ń gba owó ibodè, tó sì lè dá oníṣòwò padà tòun ti ẹrù rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe jókòó sẹ́nu ọ̀nà owó.

Àwọn tí wọ́n ń pè ní Libertarian ní Amẹ́ríkà kò fẹ́ràn oníbodè rárá. Ẹgbẹ́ òṣèlú wọn ti wà láti ọdún 1971, kò sì tíì gbé ẹnikẹ́ni dé ipò ààrẹ, ṣùgbọ́n èrò wọn ti rìn jìnnà ju ìbò wọn lọ. Ohun tí wọ́n gbà gbọ́ kò lọ́jú pọ̀: ẹni tó ni ara rẹ̀ ló ni iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, kí ìjọba mójú tó olè, jàgùdà àti ẹni tó bá yẹ àdéhùn, kó sì fi ìyókù sílẹ̀ fún ọjà. Àwọn kan nínú wọn tilẹ̀ ní kí ìjọba má sí rárá. Àmọ́ tó bá di ọ̀rọ̀ owó, ohùn wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣọ̀kan: ẹni tó bá ń tẹ owó, tó tún ń ṣọ́ ọ̀nà tí owó ń gbà kọjá, agbára rẹ̀ ti pọ̀ jù.

Àpẹẹrẹ tí wọ́n sábà máa ń fà yọ ni ti ọdún 1933, nígbà tí Ààrẹ Franklin Roosevelt pàṣẹ pé kí àwọn ará Amẹ́ríkà kó wúrà ọwọ́ wọn sílẹ̀ fún dọ́là 20.67 lórí ìwọ̀n áúnsì kan. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ìjọba sọ iye rẹ̀ di dọ́là 35. Àwọn tó ti kó wúrà sílẹ̀ kò rí nǹkan kan gbà nínú àlékún náà. Ẹni tó bá sì wà ní Nàìjíríà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023 kò nílò ìtàn Roosevelt. Wọ́n pààrọ̀ ₦200, ₦500 àti ₦1,000, owó tuntun kò tó, àwọn tó lówó ní báǹkì tò sórí ìlà láti ìdájí, wọ́n sì ń fi owó ra owó lọ́wọ́ àwọn oní-POS.

Friedrich Hayek, onímọ̀ ọrọ̀-ajé ọmọ Austria tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1974, ti dábàá ní 1976 pé kí wọ́n gba iṣẹ́ owó kúrò lọ́wọ́ ìjọba, kí àwọn aládàáni máa gbé tiwọn jáde, kí ọjà yan èyí tó bá dára. Ohun tó kù ni bí wọ́n ṣe máa ṣe é tí ọlọ́pàá ò fi ní wá kanlẹ̀kùn. David Chaum dá DigiCash sílẹ̀ ní Amsterdam, ó fẹ́ kí owó orí kọ̀ǹpútà máa lọ láìfi orúkọ ẹni tó ná an hàn. Ilé-iṣẹ́ náà wọko gbèsè ní 1998. E-gold bẹ̀rẹ̀ ní Florida ní 1996, wúrà gidi ló fi ṣe ìdúró. Ní 2007 ìjọba Amẹ́ríkà fẹ̀sùn kan àwọn tó ni ín, ní 2008 wọ́n gbà pé àwọn jẹ̀bi. Kì í ṣe pé iṣẹ́ wọn kò mọ́pọlọ dání. Wọ́n ní ọ́fíìsì, wọ́n ní ọ̀gá, àkọsílẹ̀ gbogbo sì wà lójú kan. Ohun tó bá ní ojúlé ni wọ́n ń fi ìwé ìpẹ̀jọ́ ránṣẹ́ sí.

Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá ọdún 2008, ẹnì kan tàbí àwọn kan tó ń jẹ́ Satoshi Nakamoto fi ìwé olójú ewé mẹ́sàn-án síta. Ìṣòro tó gbé kalẹ̀ rọrùn láti sọ: fáìlì orí kọ̀ǹpútà ṣeé dà kọ. Bí owó bá jẹ́ fáìlì, kí ni kò ní jẹ́ kí èèyàn ná owó kan náà lẹ́ẹ̀mejì? Báǹkì ló máa ń dí ihò yẹn, torí òun ló ni ìwé tí wọ́n ń kọ owó sí. Bitcoin pín ìwé náà fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ gbé e pamọ́.

Ẹni tó ní bitcoin ní kọ́kọ́rọ́ àṣírí kan, tó jẹ́ nọ́ńbà gígùn lásán. Tó bá fẹ́ sanwó, á fi kọ́kọ́rọ́ náà buwọ́ lu ìsọfúnni, á sì tú u sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún kọ̀ǹpútà káàkiri ayé, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní ẹ̀dà ìwé náà látìbẹ̀rẹ̀ dópin, á yẹ̀ ẹ́ wò: ṣé kọ́kọ́rọ́ tó yẹ ló buwọ́ lù ú? Ṣé wọn ò tíì ná owó yìí rí? Wọn kì í béèrè orúkọ, wọn kì í béèrè BVN.

Èyí tó bá yege á wá dúró de àwọn tí wọ́n ń pè ní awakùsà. Wọn ò gbẹ́lẹ̀ o. Kọ̀ǹpútà ni wọ́n kó jọ, tó ń méfò nọ́ńbà lọ́nà àìmọye láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, títí ọ̀kan á fi bọ́ sórí èyí tó bá òfin mu. Ẹni tó bá kọ́kọ́ rí i ló ń fi ojú ewé tuntun kún ìwé náà, ní nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá, ó sì ń gba bitcoin tuntun lówó iṣẹ́. Ní 2009, 50 ni. Láti oṣù Kẹrin 2024, 3.125 ni, torí pé tí ojú ewé 210,000 bá ti kún, owó iṣẹ́ á dín sí ìdajì. Bó ṣe ń dín bẹ́ẹ̀, bitcoin tó máa wà láyé kò lè kọjá mílíọ̀nù 21. Ẹni tó bá fẹ́ pa irọ́ sínú ìwé náà gbọ́dọ̀ ní agbára kọ̀ǹpútà tó ju ti gbogbo awakùsà yòókù lọ, kó sì máa san owó iná rẹ̀. Irọ́ ṣeé pa níbẹ̀, ó kàn gbówó lórí ju òtítọ́ lọ ni.

Mílíọ̀nù 21 yìí ni àwọn Libertarian fi ń yangàn jù. Kò sí gómìnà báǹkì tó lè jí lówùúrọ̀ kó sọ ọ́ di 30. Ibẹ̀ náà ni wọ́n ti máa ń sọ àsọdùn, torí òfin inú rẹ̀ kò ti ọ̀run wá. Àdéhùn àwọn tó ń lo ètò kọ̀ǹpútà náà ni. Ní 2017, wọ́n jà lórí bí ojú ewé kan ṣe yẹ kó tóbi tó; nígbà tí ọ̀rọ̀ kò wọ̀, àwọn kan yà lọ ní oṣù Kẹjọ, wọ́n dá Bitcoin Cash sílẹ̀. Kò sí ìjọba níbẹ̀, síbẹ̀ òṣèlú wà.

Ìdánwò tó le jù wá láti Ṣáínà ní 2021. Orílẹ̀-èdè yẹn ni ọ̀pọ̀ awakùsà wà, ìjọba sì lé wọn. Láàárín oṣù díẹ̀, bí ìdajì agbára kọ̀ǹpútà tó ń gbé ètò náà ró pa. Bó bá jẹ́ báǹkì ni, à bá ti máa sọ̀rọ̀ ìsìnkú. Ṣùgbọ́n Bitcoin ní òfin kan nínú: lẹ́yìn gbogbo ojú ewé 2,016, nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì, ó ń yẹ ara rẹ̀ wò, tí iṣẹ́ bá ti ń falẹ̀, nọ́ńbà tí wọ́n ń méfò á rọrùn láti rí sí i. Ní oṣù Keje ọdún yẹn, ó fi nǹkan bí ìdá 28 nínú ọgọ́rùn-ún rọrùn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Àwọn awakùsà kó ẹ̀rọ wọn lọ sí Amẹ́ríkà, Kazakhstan àti ibòmíràn, owó sì ń kọjá bó ṣe ń kọjá tẹ́lẹ̀.

Nàìjíríà gba ọ̀nà míì. Ní ọjọ́ 5 oṣù Kejì 2021, Báǹkì Àpapọ̀ kọ̀wé sáwọn báǹkì pé kí wọ́n ti àkáǹtì ẹnikẹ́ni tó bá ń ṣòwò crypto, ìyẹn owó orí kọ̀ǹpútà bíi Bitcoin, pa. Báǹkì ni lẹ́tà náà dí, kò dí Bitcoin. Òwò ṣí lọ sórí P2P, ìyẹn òwò ẹnì kan sí ẹnì kejì, tó rí báyìí: ẹni tó fẹ́ tà á fi crypto rẹ̀ sọ́wọ́ pèpéle, ìyẹn ìkànnì tí òwò náà ti ń wáyé, pèpéle á tì í pa; ẹni tó ń rà á fi náírà ránṣẹ́ tààrà sí àkáǹtì báǹkì olùtajà; bí owó bá ti wọlé, olùtajà á tẹ bọ́tìnì, crypto á bọ́ sọ́wọ́ olùrajà. Lójú báǹkì, ọ̀rẹ́ ló fi owó ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́. Ìdí nìyẹn tí àwọn olùtajà fi máa ń kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má kọ “bitcoin” tàbí “crypto” síbi àlàyé ìfowóránṣẹ́.

Nǹkan kan tún ṣẹlẹ̀ tí Hayek ì bá gbádùn. Ó ti kọ ọ́ láti 1945 pé iye ọjà jẹ́ ìròyìn: ó ń sọ ohun tí ọ̀kẹ́ àìmọye èèyàn mọ̀, tí kò sí ọ́fíìsì kan tó lè kó gbogbo rẹ̀ jọ. Nígbà tí iye dọ́là tí ìjọba ń pè kò bá ti ọjà mu mọ́, àwọn oníṣòwò bẹ̀rẹ̀ sí í wo iye tó wà lórí P2P kí wọ́n tó dá iye lé ẹrù tiwọn. Ìjọba rí i pé àwọn aládàáni ló ń pe iye náírà báyìí.

Ibi tí ọwọ́ ìjọba ti bà á gan-an nìyẹn. Kò fọwọ́ kan ìwé Bitcoin, ibi tí bitcoin ti ń di náírà ló fọwọ́ kàn. Ní oṣù Kejì 2024, gómìnà Báǹkì Àpapọ̀, Olayemi Cardoso, sọ pé dọ́là bílíọ̀nù 26 ti gba Binance Nàìjíríà, ọ̀kan nínú àwọn pèpéle òwò crypto, kọjá láàárín ọdún kan láti ọwọ́ àwọn tí wọn ò lè dá mọ̀ dáadáa. Wọ́n dí ìkànnì àwọn pèpéle náà, wọ́n sì mú òṣìṣẹ́ Binance méjì. Ọ̀kan nínú wọn, Tigran Gambaryan, wà látìmọ́lé ní ọgbà ẹ̀wọ̀n Kuje títí di oṣù Kẹwàá ọdún náà. Ohun tó jọni lójú ni pé òṣìṣẹ́ owó orí Amẹ́ríkà ni ọkùnrin yìí tẹ́lẹ̀, iṣẹ́ tó sì sọ ọ́ di olókìkí ni títọpasẹ̀ bitcoin àwọn ọ̀daràn. Ìwé tí gbogbo ayé ní ẹ̀dà rẹ̀, ọlọ́pàá náà ní i. Tí wọ́n bá ti mọ orúkọ ẹnì kan ṣoṣo lójú ọ̀nà, wọ́n lè máa ka ìyókù bí ẹni ń ka ìwé ìròyìn.

Àwọn tó fẹ́ sá fún báǹkì tún kọ́ báǹkì míì fúnra wọn. Kọ́kọ́rọ́ àṣírí ṣòro láti tọ́jú, ẹni tó bá sọ ọ́ nù kò rí ọ́fíìsì tó máa lọ fẹjọ́ sùn, nítorí náà ọ̀pọ̀ èèyàn fi bitcoin wọn sọ́wọ́ ilé-iṣẹ́. Mt. Gox wó ní 2014, FTX wó ní 2022. Àwọn tó pàdánù owó níbẹ̀ sáré lọ sílé ẹjọ́ ìjọba, kò sì sí Libertarian tó lè bá wọn wí.

Ní oṣù Kíní 2025, Ààrẹ Donald Trump dárí ji Ross Ulbricht, tó dá Silk Road sílẹ̀, ọjà orí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ti ń fi bitcoin ra oògùn olóró, tó sì ti wà lẹ́wọ̀n gbére. Níbi àpérò ẹgbẹ́ Libertarian ló ti ṣèlérí pé òun á tú u sílẹ̀. Ní oṣù Kẹta ọdún náà, ó tún fọwọ́ sí àṣẹ pé kí bitcoin tí ìjọba ti gbà lọ́wọ́ àwọn ọ̀daràn di ohun ìpamọ́ orílẹ̀-èdè, kí wọ́n má tà á. Àwọn Libertarian kan yọ̀, torí iye ohun tó wà lọ́wọ́ àwọn náà lè torí ẹ̀ gbéra. Àwọn míì fẹ́ mọ ohun tí ìjọba ń wá nínú owó tí wọ́n ṣe torí kí ọwọ́ ìjọba má bàa tó o.