Wọ́n ní kí ìjọba kó ọwọ́ rẹ̀ kúrò: ẹ wo Taiwan ná

Ọ̀rọ̀ kan wà tí wọ́n máa ń sọ bíi pé kò ṣe é já ní koro: pé ọlọ́pọlọ pípé kan ló ń fi owó ara rẹ̀ dá ilé-iṣẹ́ ńlá sílẹ̀, àti pé oore kan ṣoṣo tí ìjọba lè ṣe fún un ni kó yẹra lọ́nà. Ẹni tí owó orí àti ẹ̀gúnjẹ bá ti sú kò jẹ̀bi tó bá sọ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ Taiwan, tí a ń ra ṣíìpù (ẹ̀yà kékeré tó ń ṣiṣẹ́ bí ọpọlọ nínú fóònù àti kọ̀ǹpútà) tó já fáfá jù láyé lọ́wọ́ rẹ̀ lónìí, ò gba ibẹ̀ yẹn débẹ̀.

Aṣọ, bàtà àti ohun ìṣeré ọmọdé ni wọ́n ń tà kiri tẹ́lẹ̀. Ìjọba dá ilé ìwádìí ITRI sílẹ̀ ní 1973. Ní oṣù Kejì 1974, mínísítà Sun Yun-suan àti àwọn aláṣẹ mélòó kan jẹun àárọ̀ nísọ̀ oníwàrà sóyà kan ní Taipei pẹ̀lú Pan Wen-yuan, ẹnjiníà RCA, ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ abánáṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti fẹnu kò pé ṣíìpù ló kàn. Nígbà tó di 1976, àwọn ẹnjiníà wọn gba Amẹ́ríkà lọ, wọ́n kọ́ṣẹ́ ní RCA bí ọmọ-iṣẹ́ ṣe ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá. Ìmọ̀ tí wọ́n rà lọ́wọ́ RCA kì í ṣe èyí tó dé kẹ́yìn rárá. Wọ́n padà wálé, wọ́n fi ń ṣe ṣíìpù aago.

Ní 1985, ìjọba pe Morris Chang, tó ti lo ọdún 25 ní Texas Instruments, ilé-iṣẹ́ ṣíìpù ní Amẹ́ríkà, wá ṣe ọ̀gá ITRI. Ọdún méjì lẹ́yìn náà ni TSMC, ilé-iṣẹ́ tó ń bá àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn ṣe ṣíìpù, bẹ̀rẹ̀. Intel, ilé-iṣẹ́ ṣíìpù Amẹ́ríkà, ní òun ò ní dá owó sí i. Philips, ilé-iṣẹ́ ilẹ̀ Netherlands, mú nǹkan bí ìdá 28 nínú 100, ìjọba mú 48, àwọn olówó ilẹ̀ náà sì san ìyókù, púpọ̀ nínú wọn pẹ̀lú ìkùnsínú.

Kí ẹni tó gbà pé owó ìjọba nìkan ló tó má tíì yọ̀ o. Ilé-iṣẹ́ ilẹ̀ òkèèrè ni TSMC ní láti tajà fún, wọ́n sì lè kọ ọjà rẹ̀ nígbàkígbà. Ẹgbẹ́ kan ṣoṣo ló sì ń ṣèjọba lábẹ́ òfin ológun títí di oṣù Keje 1987, nítorí náà kò sẹ́ni tó ń fi ìbò dẹ́rù bà wọ́n ní gbogbo ọdún 13 yẹn, láti 1974 sí 1987. Mi ò rò pé ó yẹ kí ẹnikẹ́ni wo àwòkọ́ṣe ìyẹn.

Ìjọba ta púpọ̀ nínú ìpín rẹ̀ ní TSMC nígbà tó yá. Ó ṣì ní bí ìdá 6 nínú 100.