Fótò imú tuntun tí dókítà fi hàn yín lórí kọ̀ǹpútà: ohun tó yẹ kẹ́ẹ bi í

Tẹ́ẹ bá lọ rí dókítà tó ń ṣiṣẹ́ abẹ imú lásìkò yìí, yálà ní London níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́ tàbí ní Èkó, kò ní pẹ́ rárá tó máa fi ya yín ní fótò, á gbé e sórí kọ̀ǹpútà, á fi máòsì fa igi imú yín sókè díẹ̀, á fún ihò imú mọ́ra, kẹ́ẹ tó ṣẹ́jú ẹ ti ń wo ojú ara yín pẹ̀lú imú mìíràn. Èmi náà máa ń ṣe é, mo sì fẹ́ràn ẹ̀ gan-an, torí ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan ò lè ṣàlàyé imú. Ẹni tó bá ní "Dókítà, mo kàn fẹ́ kó kéré díẹ̀ ni," ó lè jẹ́ fífẹ̀ ihò ẹ̀ ni ò tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó lè jẹ́ gongo ẹ̀ tó rí roboto, ó sì lè jẹ́ pé igi imú ẹ̀ ló lọ sílẹ̀ tó fi jọ pé gbogbo ẹ̀ fẹ̀. Ìgbà tá a bá jọ wo fótò la máa tó mọ èyí tó ń sọ.

Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, gbogbo ibi tí dókítà bá fi máòsì yí padà, ẹ bi í ní ohun tó máa ṣe nínú imú yín gan-an kí ibẹ̀ tó lè rí bẹ́ẹ̀. Kí ló máa gé, kí ló máa fi kún un, níbo ló ti máa mú un, ibo ni àpá máa wà. Tí kò bá ní ìdáhùn gidi, ẹ má gbára lé àwòrán yẹn.

Fótò tí wọ́n máa fi ṣe é lẹ máa kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fi selfie ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp pé kí n bá àwọn wo bí imú àwọn ṣe máa rí, mi ò kì í lò ó. Lọ́dún 2018 àwọn olùṣèwádìí kan ní yunifásítì Rutgers ní Amẹ́ríkà ṣírò ẹ̀, wọ́n ní selfie tí kámẹ́rà bá fi nǹkan bí ínǹṣì 12 jìnnà sójú máa mú kí imú fẹ̀ tó nǹkan bí ìdá 30 nínú 100 ju èyí tí wọ́n bá yà láti ẹsẹ̀ bàtà 5 lọ. Ó máa ń dùn mí ni, torí àwọn ọmọ tó kórìíra imú wọn nítorí ohun tí kámẹ́rà fóònù fi hàn wọ́n ò kéré. Fótò tó dáa fún iṣẹ́ yìí, kí ẹni tó ń yà á dúró tó nǹkan bíi mítà kan àbọ̀ sí yín, wọ́n á ya iwájú, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, wọ́n á ní kẹ́ẹ yíjú díẹ̀ sọ́tùn-ún àti sósì, wọ́n á sì ya abẹ́ imú. Ẹ nu mekọ́ọ̀pù kúrò, ẹ má sì rẹ́rìn-ín, torí tẹ́ẹ bá rẹ́rìn-ín gongo imú á wálẹ̀, ihò ẹ̀ á fẹ̀.

Fótò ẹ̀gbẹ́ lẹ lè gbára lé díẹ̀. Níbẹ̀, ìlà igi imú hàn kedere, tí mo bá ní mo máa gbé e sókè ní mìlímítà 3, mo mọ ohun tí mo máa fi gbé e. Ti iwájú le jùyẹn lọ, ìmọ́lẹ̀ àti òjìji ni ojú fi ń mọ bí imú ṣe rí láti iwájú, kọ̀ǹpútà lè fún un títí á fi tín-ín-rín láì bìkítà pé awọ àti eegun wà nínú ẹ̀. Iwájú yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ nínú àwa aláwọ̀ dúdú ń bá dókítà sọ, fífẹ̀ ihò àti gongo, nítorí náà ibi tọ́kàn wa wà jù ni àwòrán ti lè tàn wá jù.

Ọ̀rọ̀ awọ ló wá kù. Awọ imú ọ̀pọ̀ nínú wa nípọn, pàápàá lórí gongo. Tẹ́ẹ bá fi lésì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bo igun tábìlì, ẹ máa rí igun yẹn, ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ aṣọ òkè lẹ fi bò ó ńkọ́? Bẹ́ẹ̀ náà ló rí, èmi lè gbẹ́ eegun rírọ̀ inú gongo yẹn dáadáa kí awọ má jẹ́ kó hàn síta, tí mo bá sì gé e jù, awọ ò ní nǹkan tó máa gbé e dúró mọ́, gongo á tún wá rí roboto sí i. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé fífi kún un la máa ń ṣe níbi tí kọ̀ǹpútà ti ń dín in kù. Eegun rírọ̀ tó pín ihò imú sí méjì la kọ́kọ́ máa ń wò, kì í sì í sábà tó, a lè mú ti etí, a lè mú ti ìhà, ti ìhà sì máa fi àpá sílẹ̀ ní àyà. Ihò imú tí wọ́n fún mọ́ra lórí fótò, gígé la máa gé awọ ìdí ẹ̀, àpá á wà níbẹ̀ náà, tí wọ́n bá sì gé e jù, dídá a padà le gan-an, ẹni náà sì lè má rí èémí gbà dáadáa mọ́. Kò sí fótò tó lè fi ìyẹn hàn yín.

Obìnrin kan wá bá mi, ó ti fi fílítà ṣe fótò ara ẹ̀, ó gbé fóònù sí mi níwájú. "Dókítà, èyí gan-an ni mo fẹ́."

Mo ní, "Ó dáa mà, kí lẹ fẹ́ràn nínú ẹ̀?"

Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Gíláàsì mi ni o. Kì í dúró, gbogbo ìgbà ni mo ń tì í sókè, tí mo bá sì wo fótò ara mi láti ẹ̀gbẹ́, ó dà bíi pé imú mi ò ní òkè."

Igi imú ló ń sọ nígbà náà, fílítà yẹn ló fún ihò imú ẹ̀ mọ́ra tó tún sọ ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀ di tín-ín-rín. A gbé igi imú nìkan sókè lórí kọ̀ǹpútà, a fi ìyókù sílẹ̀, ó wò ó títí, ó ní, "Ó ṣì jọ tàwọn ará ilé wa." Ohun tá a kọ sínú fáìlì ẹ̀ nìyẹn.

Tẹ́ẹ bá ti ṣe iṣẹ́ abẹ náà tán, ẹ má yára gbé fótò yẹn síwájú dígí. Wọ́n á yọ ohun tí wọ́n fi di imú lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ kan, imú á ṣì wú, ó lè fẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ gan-an lọ. Ó tó ọdún kan kó tó fara balẹ̀, fún awọ tó nípọn ó lè lé lọ́dún kan dáadáa, gongo ló sì máa ń kẹ́yìn. Ẹni tó bá ń fi oṣù kejì wé àwòrán á ti máa wá bó ṣe máa tún un ṣe, bẹ́ẹ̀ tó bá tún un ṣe láì tíì tó àsìkò, ó lè bà á jẹ́ pátápátá.

Ẹ tún wo ẹni tó di máòsì mú. Láwọn ibòmíràn, ẹni tó ń ta ọjà fún wọn ló ń ṣe fótò yẹn, dókítà ò tíì rí yín rí. Ẹ má gbà. Ní Britain ńbí, ìlànà GMC, ìyẹn àjọ tó ń ṣàbójútó àwọn dókítà, tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2016 sọ pé dókítà tó máa ṣe iṣẹ́ abẹ náà fúnra ẹ̀ ló gbọ́dọ̀ bá yín sọ ọ́ kó sì gba àṣẹ lọ́wọ́ yín, Royal College of Surgeons, ẹgbẹ́ àwọn dókítà oníṣẹ́ abẹ, náà sì ní kí wọ́n fún yín ní ó kéré tán ọ̀sẹ̀ 2 láti fi rò ó. Ẹ ní kí dókítà ṣe àwòrán méjì fún yín, ọ̀kan ohun tó rò pé ọwọ́ òun máa tẹ̀, ìkejì bó ṣe lè rí tí awọ ò bá sún mọ́ra tó bẹ́ẹ̀. Tí ìkejì yẹn ò bá tẹ́ yín lọ́rùn rárá, ẹ má tíì buwọ́ lùwé. Ẹ sì ní kó fi fótò àwọn aláìsàn ẹ̀ tí awọ wọn jọ tiyín hàn yín, àwọn tó ti gbà á láyè, tó sì ti pé ọdún kan lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ.